Ẹ̀yìn Aṣọ Ni Àtúnṣe Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìrírí Mi Nídìí Iṣẹ́ Ọnà Abẹ́rẹ́

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi n'Íbàdàn ni mo ba agbádá kan jẹ́ ní òru Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gíní funfun ni aṣọ náà, ó le, ó ń dán, ó sì ń dún bí ìwé tuntun béèyàn bá gbọ̀n ọ́n. Mo ti ya dìsáìnì sí i láyà, mo ti lẹ sítéè, aṣọ líle tó ń mú kí ojú iṣẹ́ dúró, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ti fi ẹ̀rọ kó iṣẹ́ ọnà náà dé ìdajì kí n tó rí i pé ìlà tó yẹ kó yí àpò ká ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá ọ̀tún kò sì bá apá òsì mu mọ́. Òwú aláwọ̀ wúrà ni mo lò, nítorí náà kò sí bí àṣìṣe náà ṣe lè fara pamọ́ lára aṣọ funfun.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí n kò tún jẹ́ ṣe láti ọjọ́ náà. Mo mú lúúsà, irin kékeré ẹlẹ́nu méjì tí àwa aránṣọ fi ń tú òwú, mo tì í bọ abẹ́ òwú láti ojú aṣọ, mo sì ń fà á tagbára-tagbára. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnu lúúsà fi lu aṣọ náà níbi méjì. Nígbà tí mo rí ihò náà, àyà mi já, mo bu omi wọ́n ọn kí n lè fi áyọ́ọ̀nù pa ojú rẹ̀ dé, omi náà sì fi àbàwọ́n ròbótó sílẹ̀, nítorí pé oje sítáàṣì tó mú gíní le ti yọ́ kúrò níbi tí omi kàn, ó sì lọ kóra jọ sí etí ibẹ̀. Bí àṣìṣe kan ṣe di mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé aṣọ náà tọ ọ̀gá mi lọ. Màmá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ó sì ti ń fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sí agbádá kí ó tó ra ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó na aṣọ náà sí orí itan, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ó mú abẹ fẹ́lẹ́ tuntun kan wá, pẹ̀lú síbí ìjẹun, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí wọn kò lò mọ́, sẹ́lótéèpù àti táwẹ́ẹ̀lì kan tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi, ó ní: "Ta ló ní kí o máa tú iṣẹ́ láti ojú? Yí aṣọ yẹn padà."

Mo ti ń lo ẹ̀rọ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe yé mi délẹ̀délẹ̀. Òwú méjì ni ẹ̀rọ fi ń kó iṣẹ́: òwú òkè tí gbogbo ènìyàn ń rí, àti òwú bọ́bìn tó wà nísàlẹ̀. Bí ìfà òwú méjèèjì bá dọ́gba bó ṣe yẹ, òwú òkè máa ń wọ́ díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn aṣọ, débi pé béèyàn bá yí aṣọ náà padà, yóò rí òwú bọ́bìn láàárín bí ọ̀nà tóóró, yóò sì rí òwú òkè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Òwú bọ́bìn yìí ló di gbogbo iṣẹ́ náà mú. Bí a bá gé e, òwú òkè kò rí ohun dì mọ́ mọ́, yóò sì tẹ̀lé ọwọ́ wá láìjà. Yàtọ̀ sí èyí, sítéè tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ wà láàárín abẹ àti aṣọ, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, sítéè ni abẹ yóò kọ́kọ́ bá. Ní ojú aṣọ, kò sí ohun kankan tó ń gba aṣọ sílẹ̀.

Ọ̀gá mi fi sẹ́lótéèpù wé ojú kan abẹ fẹ́lẹ́ náà kí ó má baà gé e lọ́wọ́. Ó tẹ́ abẹ náà pẹrẹsẹ lé orí òwú bọ́bìn, ó wá gbé ojú tó mú sókè díẹ̀, kí ó kọjú sí òwú kí ó sì kọ̀yìn sí aṣọ, ó sì ń fi í lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò gé ju ìwọ̀n èékánná kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti gé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, yóò yí aṣọ padà sí ojú, yóò fi ẹ̀mú tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ìpéǹpéjú gbé òwú wúrà náà, yóò sì ká a kúrò. Àwọn tó kù bí irun jẹ́jẹ́, ó wé sẹ́lótéèpù mọ́ ìka mẹ́rin, ojú tó ń lẹ̀ síta, ó ń tẹ̀ ẹ́ lé wọn lórí, ó sì ń gbé wọn kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni ó fi tú àwọn tó há sáàárín òwú aṣọ. Ó ju wákàtí méjì lọ kí a tó tú ibi tí mo bàjẹ́ tán, ó sì pa á láṣẹ fún mi pé kí n fi ọwọ́ ara mi tú ìdajì rẹ̀.

Ihò abẹ́rẹ́ ló kù lójú aṣọ, wọ́n tò lọ bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Ibí yìí ni síbí ti wúlò. Abẹ́rẹ́ tó bá wà ní ipò rẹ̀ kì í já òwú aṣọ, ṣe ni ó ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè ráyè kọjá. Nítorí náà, bí a bá fi ẹ̀yìn síbí ra ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà tí òwú aṣọ gbà lọ, tí a tún rà á ní ìdábùú, òwú náà yóò padà sí àyè rẹ̀. Mo rí i bí ihò wọ̀nyẹn ṣe ń pa dé lójú mi. Ṣùgbọ́n ihò méjì tí mo fi lúúsà lù kò pa dé, nítorí pé òwú aṣọ ti já níbẹ̀, òwú tó já kò sì ní ohun tí yóò padà fi so. Màmá gé gíní kékeré méjì láti ara èyí tó ṣẹ́kù, ó fi sítéè onígọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ihò náà, ó sì ní kí n fi ewé kékeré kan kún dìsáìnì náà ní apá ibẹ̀, kí n sì fi irú rẹ̀ sí apá kejì kí wọ́n lè jọra. Ní ti àbàwọ́n omi, a fi táwẹ́ẹ̀lì tí a rẹ tí a sì fún gbẹ dáadáa nu gbogbo iwájú aṣọ náà láti èjìká dé ìsàlẹ̀, kí ibi gbogbo lè gba ọ̀rinrin bákan náà, a sá a síbi ìbòòji títí ó fi kù díẹ̀ kí ó gbẹ, a wá lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ òwú pẹlẹbẹ láàárín áyọ́ọ̀nù àti gíní. Dídán rẹ̀ dín kù díẹ̀, àmọ́ ó dín kù bákan náà níbi gbogbo, ojú kò sì lè tọ́ka sí ibì kan.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún oníbàárà mi nígbà tó wá gba aṣọ rẹ̀, mo sì dín owó iṣẹ́ náà kù fún un. Ó wọ̀ ọ́ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní àpótí kékeré kan lábẹ́ tábìlì, tí ó kún fún ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ ìgẹrun tí ọkọ mi kò lò mọ́. Bí iṣẹ́ tó bàjẹ́ bá fẹ̀, tó sì nípọn, bí ìdí òdòdó tí òwú kún bámúbámú, abẹ fẹ́lẹ́ a máa pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun náà, tí mo bá fi í lọ lójú ẹ̀yìn iṣẹ́ náà bí ìgbà tí wọ́n ń gẹ àgbọ̀n, tí mo gbé e sókè lẹ́yìn ìwọ̀n ìka kan kí n tó tún gbé e lé e, ó máa ń gé òwú bọ́bìn láìkan aṣọ, nítorí pé àwọn eyín rẹ̀ kò jẹ́ kí ojú abẹ rẹ̀ kan ohun tó tẹ́jú. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e lórí gíní, lórí kaṣimíà àti lórí aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì tó nípọn. N kò jẹ́ gbé e sún mọ́ léèsì láéláé, nítorí ihò ara léèsì yóò wọ àárín eyín rẹ̀, ohun tí yóò gé kì í sì í ṣe òwú bọ́bìn nìkan.

Kì í sì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló yẹ kí a tú. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi, mo sì ti tú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó yẹ kí n fi sílẹ̀. Bí òwú bọ́bìn funfun bá yọjú tótótó lójú dìsáìnì dúdú, ìfà òwú òkè ló ti le jù. Kí n tún ìfà náà ṣe kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ ni ojúṣe mi, ṣùgbọ́n èyí tó ti yọjú, máàkà aláwọ̀ kan náà tí omi kì í fọ̀ lọ, tí a bá fi ẹnu rẹ̀ tọ́ òwú náà díẹ̀díẹ̀, ó tó. Kí a kọ́kọ́ dán an wò lórí àkísà ara aṣọ kan náà, kí a sì fi omi tọ́ ọ, kí a tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi bírò ṣe irú rẹ̀, tí òógùn sì mú kí yíǹkì náà ràn sí ọrùn aṣọ.

Ohun mìíràn tó gbà mí lọ́pọ̀ àkókò kí n tó mọ̀ ọ́n ni pé irú òwú ni ó ń sọ irú àtúnṣe. Mo máa ń gé òwú tó gùn tó ìka kan, mo máa ń fi ẹ̀mú dì í mú, mo sì máa ń fi í sún mọ́ iná àbẹ́là lórí àwo tí omi wà nínú rẹ̀. Òwú pọlisítà yóò yọ́, yóò sì di kóro líle bó bá tutù. Òwú rayon àti òwú tí a gbìn lóko yóò jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Sílíkì gidi yóò máa rùn bí irun tó jó. Ìdí tí mo fi ń ṣe èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi iná láítà pa etí òwú lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pọlisítà, etí òwú náà yóò yọ́ mọ́ ara rẹ̀, kò sì ní tú. Bí ó bá jẹ́ rayon, iná yóò tẹ̀lé òwú náà wọ inú dìsáìnì. Mo ti jó etí ọrùn bùbá kan báyìí rí, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Òwú onídẹ, èyí tó ń kọ mànà, kò fẹ́ iná, kò sì fẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ni àbàwọ́n tí àwa tó ń lo abẹ́rẹ́ kò lè yẹra fún. Lára léèsì funfun ìsọmọlórúkọ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, tí mo sì sáré lọ gbé omi gbígbóná. Omi gbígbóná a máa sè ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ bí ìgbà tí a bá se ẹyin, kò sì ní kúrò bọ̀rọ̀ mọ́. Omi tútù ni tirẹ̀, kíákíá kí ó tó gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kán kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, itọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà gan-an, tó fi òwú funfun kékeré gbà lẹ́nu ara rẹ̀, a máa gbé e kúrò. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi, àwọn tó ń kó iṣẹ́ lọ́wọ́ ti ń ṣe é tipẹ́. Epo ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kò fẹ́ omi lákọ̀ọ́kọ́. Pàúdà funfun ni mo máa ń bù lé e, tí yóò sùn lórí rẹ̀ mọ́jú kí ó lè fa epo náà, kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, kí n sì fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ tọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Kí a má ṣe fi áyọ́ọ̀nù kàn án títí yóò fi mọ́, nítorí iná yóò mú kí epo náà dì mọ́ ọn. Yíǹkì bírò, sípírítì lórí kọ́tìnwúùlù ni, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lábẹ́ aṣọ kí yíǹkì náà lè rí ibi sá sí. Ìpẹtà píìnì tí a gbàgbé sára aṣọ funfun lásìkò òjò, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń pa á, kí n tó sá a sóòrùn, kí n sì fi omi ṣàn án dáadáa. Lára aṣọ aláwọ̀, n kò jẹ́ dán èyí wò.

Àbàwọ́n tí mo rí jù ni èyí tí àwa fúnra wa fi ìwé kábọ̀n yà sára aṣọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni mo fi ń bá ìlà búlúù yẹn jà kí n tó padà sí ohun tí mo bá lọ́wọ́ ọ̀gá mi: ègé ọṣẹ tó ti joro tán, tí etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ń yàwòrán dáadáa lórí aṣọ dúdú, táwẹ́ẹ̀lì tútù sì máa ń nù ún kúrò láìjà. Lórí aṣọ funfun, pẹ́ńsù tó rọ̀, tí a kò tẹ̀ mọ́lẹ̀, àti írésà funfun ni mo ń lò báyìí.

Aṣọ òkè ni mo máa ń fún ní ọ̀wọ̀ tó pọ̀ jù. Bí wọ́n bá gbé e wá láti Ọ̀jẹ́ tàbí láti Ìṣẹ́yìn, kí n tó yà dìsáìnì sí i ni mo ti ń béèrè ohun tí wọ́n fi hun ún. Ẹtù tí wọ́n fi ẹ̀lú pa láró lè tú aró bí omi bá kàn án, nítorí náà òwú funfun tútù tí mo fi tọ́ igun ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí fún mi. Sányán gidi, tí òwú rẹ̀ ti ara kòkòrò sílíkì inú igbó wá, kò gbọdọ̀ rí bílíìṣì, nítorí bílíìṣì a máa jẹ sílíkì, a sì máa sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Bí òwú kan bá sì fà yọ lójú aṣọ òkè nígbà tí a ń tú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé e. Ẹni tó bá gé e ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìyókù láti máa tú. Ẹ ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ fi ojú abẹ́rẹ́ náà kọ́ òwú tó yọ, kí ẹ sì fà á padà sí ẹ̀yìn aṣọ, ibẹ̀ ni yóò máa gbé.

Àrán ni mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, lórí fìlà kan tí mo gbé áyọ́ọ̀nù lé lójú lẹ́ẹ̀kan péré. Irun àrán tí áyọ́ọ̀nù bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í fẹ́ dìde mọ́. Ooru omi tó ń hó láti ẹnu kẹ́tù, tí a gbé ẹ̀yìn àrán náà sí lókèèrè, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tí a fi ń gbá a lọ síbi tí irun rẹ̀ kọjú sí, ló gbà mí là lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò padà bọ̀ sípò tán.

Ní ti ìmọ́tótó ibi iṣẹ́, ìgbàkúùgbà tí mo bá pààrọ̀ bọ́bìn ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdí rẹ̀. Ìdọ̀tí òwú tó bá kóra jọ síbẹ̀ ni ó máa ń mú kí òwú jà, tí èèyàn yóò sì máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi. N kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ṣe ni yóò tì í wọnú lọ. Bí sítéè onígọ́ọ̀mù bá ti lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, sípírítì díẹ̀ ni mo fi ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ó tó kú pátápátá. Nọ́ńbà 11 ni mo ń lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, nítorí ihò nọ́ńbà 14 tóbi jù bí mo bá wá ní láti tú u.

Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ ni mo fi ń ṣọ́ra jù. Mo yọ òòfà láti inú sìpíkà rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo so okùn mọ́ ọn, mo sì ń fà á yí ká ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lálaalẹ́. Òfin mi fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀rọ títí a ó fi kó gbogbo ègé rẹ̀ jọ sórí ìwé, tí a ó sì rí i pé ó pé abẹ́rẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni a óò kó o sínú agolo mílíìkì tí mo lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ní ọdún tó kọjá, abẹ́rẹ́ kan ṣẹ́ lára aṣọ ọmọ ọwọ́ tí à ń kó òdòdó sí lọ́rùn. A rí ègé méjì, a kò rí ṣóńṣó rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti jókòó síta, ó ń dúró, ọmọ iṣẹ́ mi sì ń bẹ̀ mí pé bóyá ó ti já sílẹ̀. Mo gbé òòfà náà, mo rọra fi í lọ yí ọrùn aṣọ náà ká, nígbà tó dé ibi tí a ti ṣẹ́ etí ọrùn rẹ̀ po sí méjì, ó dún *tíì*. Ibẹ̀ ni ó wà, kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì lọ.